Bẹ́líìtì tó yọ́, dísìkì tó gbó: bí a ṣe ń jí Amstrad PCW 8256 dìde láìsí ìwé

Lọ́jọ́ Sátidé kan ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ìdílé ń pè ní Big Mummy, pè mí láti Peckham ní London. Wọ́n ní àwọn ń palẹ̀ òkè àjà mọ́, àwọn sì rí kọ̀ǹpútà olóògbé ọkọ wọn, Amstrad PCW 8256, àti páálí kan tí dísìkì mẹ́rìnlá wà nínú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tan án o," ni mo sọ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Mo ti tan án kẹ̀. Mo ki ọ̀kan nínú dísìkì ẹ̀ bọ̀ ọ́, ojú ẹ̀ mọ́ bí ewé, ó pariwo pí pí pí, ó wá ń rùn. Mo yára yọ iná ẹ̀."

Àyà mi já nítorí dísìkì tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ ju nítorí òórùn náà lọ. Ẹ lè rí PCW míràn rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ohun àtijọ́. Lẹ́tà tí olóògbé kọ ní 1987 kò sí lọ́jà kankan. Ìdí nìyẹn tí ètò tí mo tò sísàlẹ̀ yìí fi yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àwọn tó kàn fẹ́ kí ẹ̀rọ tàn: a ó yọ díráífù, ẹ̀yà tó ń ka dísìkì, kúrò nínú ẹ̀rọ, a ó tún un ṣe, a ó fi kọ̀ǹpútà òde òní ka gbogbo dísìkì náà pamọ́, lẹ́yìn ìyẹn la ó tó dá a padà síbi tí a ti yọ ọ́.

Ohun tó wà níwájú yín

Oṣù kẹsàn-án 1985 ni Amstrad gbé PCW 8256 jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní £399 láìka owó orí mọ́ ọn. Iye yẹn kó mọ́nítọ̀, kíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti LocoScript, sọ́fítíwíà ìkọ̀wé tí Locomotive Software ṣe, pọ̀. Ṣíìpù Z80A ni ọpọlọ rẹ̀, 256 KB sì ni gbogbo ìrántí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi tirẹ̀ kọ ìwé ìwádìí rẹ̀ ní yunifásítì, ó fi kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, ó sì fi ń kọ lẹ́tà sílé.

Ohun méjì ló yẹ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Àkọ́kọ́, kò mọ nǹkan kan fúnra rẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìgbà yẹn, bí ẹ bá ti tan wọ́n báyìí, BASIC, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, á jáde lójú wọn. PCW kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtọ́sọ́nà ṣókí kan tó fara pamọ́ sínú ṣíìpù tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan ló ní, iṣẹ́ tí ìyẹn sì mọ̀ ni kó lọ wo dísìkì bóyá ó rí ohun tó máa gbé wọlé. Bí kò bá rí i, á pariwo lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nítorí náà, pí pí pí tí Big Mummy gbọ́ yẹn, ìròyìn ayọ̀ ni: ọpọlọ ẹ̀rọ ṣì ń ronú, ojú rẹ̀ ṣì ń tàn, ọwọ́ tó fi ń gbé oúnjẹ wọlé ló rọ.

Èkejì ni dísìkì rẹ̀. Íǹṣì 3 ni, kì í ṣe 3.5 tí gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà. Ike rẹ̀ le, ó gùn díẹ̀ ju bó ṣe fẹ̀ lọ, ojú méjèèjì ló sì ní: ẹ máa ń yí i padà bí ẹni yí àwo orin. Ojú kan pín sí òrùka 40, òrùka kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀ka 9, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gba báìtì 512. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, 180 KB ló máa jẹ́. Wọn ò ṣe é mọ́ níbikíbi. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín ni èyí tó wà láyé.

1. Ẹ má tan án

Ẹ̀rọ tó ti jókòó lókè àjà fún ọgbọ̀n ọdún dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde lórí ibùsùn àìsàn, a kì í ní kó sáré. Kàpásítọ̀ inú rẹ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń fi iná pamọ́, lè ti wú lórí tàbí kó ti gbẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Yúróòpù ìgbà yẹn, kàpásítọ̀ oníbébà máa ń wà lẹ́nu ibi tí iná ti ń wọlé. Bó bá ti dàgbà, ara rẹ̀ á sán wẹ́wẹ́, ọ̀rinrin á wọ ibẹ̀, bí iná bá sì kàn án, á bú, èéfín á gba ilé kan. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ tó sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun tí wọ́n kọ X2 sí lára, fóòtì rẹ̀ (volt, ìwọ̀n agbára iná tó lè gbà) kò sì gbọ́dọ̀ kéré sí ti àtijọ́. Nínú ti Big Mummy, eruku ló ń jó lára ohun tó gbóná. Orí ló kó wọn yọ.

Iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 240 fóòtì, ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà kò gbọ́dọ̀ kàn kì í bọ ara ògiri. Ti Nàìjíríà bá a mu, ṣùgbọ́n ẹ fi sitebuláísà sí i. Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe ń lọ sókè sódò.

Bó bá sì di pé ẹ máa tan án nígbà kankan, kí dísìkì má sí nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú tí iná ń wọlé àti èyí tó ń jáde ni díráífù àtijọ́ lè ṣèèṣì kọ ìdọ̀tí sórí dísìkì. Ẹ tan ẹ̀rọ ná, kí ẹ tó fi dísìkì sí i. Ẹ yọ dísìkì, kí ẹ tó pa á.

2. Ìwé tí kò sí, ẹ wá a lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀

Kò sí ìwé kankan nínú páálí tèmi. Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí nìyẹn: ìwé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dà nù. Bí ẹ bá ń wá "PCW 8256" nìkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí díẹ̀. Ẹ wá a bí wọ́n ṣe ń wá ọmọ tó sọnù, ẹ lọ bi àwọn ẹbí rẹ̀. PCW 8512 ni àbúrò tó tẹ̀lé e, bíi ìbejì ni wọ́n, àfi pé ìrántí ti 8512 pọ̀ sí i tó sì ní díráífù kejì. Ní Jámánì, Schneider ló tà á, orúkọ tí wọ́n fún un níbẹ̀ ni Joyce. Àwọn ará Jámánì sì máa ń pa ìwé mọ́. Díráífù íǹṣì 3 wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà ilé CPC 664, CPC 6128 àti Spectrum +3 pẹ̀lú, nítorí náà ìwé àwọn alátùn-únṣe tiwọn máa ṣe yín láǹfààní lórí díráífù. Ṣíìpù tó ń darí díráífù ni NEC µPD765A, irú èyí tó wà nínú ìdílé IBM PC àtijọ́. Ìwé rẹ̀ pé pérépéré. Internet Archive ní àwòrán ojú ìwé púpọ̀ tí àwọn èèyàn ti yà síbẹ̀.

Bí ẹ kò bá wá rí nǹkan kan rárá, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ ìwé náà. Ẹ fi fóònù ya gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ tú kí ẹ tó tú u: ibi tí wáyà wà, apá ibo ni ilà pupa rẹ̀ kọjú sí, nọ́ḿbà tó wà lára ṣíìpù àti lára díráífù. Páálí ẹyin ni mo fi ń kó ìdè sí, ihò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà, nọ́ḿbà náà wà lórí fọ́tò. Ìdè tó gùn tí ẹ bá fi sí ibi tó kúrú lè gún pátákó wáyà láti ẹ̀yìn.

3. Ṣíṣí i: ẹ ṣọ́ra fún ojú rẹ̀

Inú mọ́nítọ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà, pátákó, àpótí iná àti díráífù. Ìyẹn ni pé ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ bẹ́líìtì lásán ní láti fi ọwọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí ojú ẹ̀rọ, irú ti tẹlifíṣọ̀n onídìí gígùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì ló ń gbé ibẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ iná. Ẹni tí kò bá ti tú tẹlifíṣọ̀n rí, kó pe ẹni tó ti tú u rí wá jókòó tì í. Èmi ò fi èyí ṣeré.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ tú àwọn ìdè ẹ̀yìn, ẹ rọra fa ike ẹ̀yìn sẹ́yìn gbọọrọ. Ọrùn dígí náà tinrin, bí ike bá gbá a, ó ti parí. Ẹ mú sikurudiráífà pẹlẹbẹ tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ike, ẹ fi wáyà so irin rẹ̀ mọ́ wáyà ilẹ̀ tó yí ẹ̀yìn dígí ká. Ẹ ti etí rẹ̀ bọ abẹ́ fìlà rọ́bà tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí, títí yóò fi kan irin àárín rẹ̀. Ó lè ta pàì, ó sì lè má ta. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọwọ́ kan ni ẹ ó fi ṣe gbogbo èyí, kí ọwọ́ kejì wà lẹ́yìn yín, nítorí iná tó gba ọwọ́ kan wọlé tó sì gba ìkejì jáde, ọkàn ló gbà kọjá.

Lẹ́yìn náà, díráífù: ìdè díẹ̀, wáyà iná kan, wáyà pẹlẹbẹ kan. Ẹ fà á jáde.

4. Bẹ́líìtì

Ẹni tó bá ti lo rédíò onikásẹ́ẹ̀tì rí mọ àrùn yìí. Bẹ́líìtì á rọ̀, ohùn olórin àpàlà á sì di ti arúgbó tó ń tòògbé. Nínú díráífù íǹṣì 3 yìí, mọ́tò kékeré kan wà ní igun kan, kẹ̀kẹ́ irin ńlá tó ń yí dísìkì wà láàárín, rọ́bà pẹlẹbẹ kan ló so wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, rọ́bà náà á ti nà, á ti gan, tàbí kó ti yọ́. Tèmi ti yọ́. Ó dúdú bí ọ̀dà títì, ó lẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, ó ń fà bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ìdí tí dísìkì tí Big Mummy kì bọ̀ ọ́ kò fi fara gbọgbẹ́ nìyẹn: kò yí rárá.

Ẹ yí díráífù dojú bolẹ̀. Pátákó wáyà tó wà níbẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ tú. Wáyà tó tẹ́ pẹlẹbẹ bíi bébà, tó lọ síbi hẹ́ẹ̀dì, orí kékeré tó ń ka ojú dísìkì, ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ẹ má fi ipá fà á. Èmi kì í yọ ọ́ bí mo bá lè gbé pátákó náà sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú wáyà lára rẹ̀.

Ẹ fi igi pelebe tàbí ẹ̀mú kékeré kó èyí tó pọ̀ nínú rọ́bà yíyọ́ náà. Ẹ fi òwú ìnutí tí ẹ ti rẹ sínú ọtí isopropyl, èyí tí wọ́n kọ 99% sí lára, nu ìyókù. Á gbà yín ní òwú bí ogójì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Dúdú yẹn kì í kúrò léèékánná fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ nu ìdí kẹ̀kẹ́ mọ́tò náà, ihò rẹ̀ tín-ín-rín, ibẹ̀ sì ni ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sí. Ìdọ̀tí kékeré kan tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ máa jẹ́ kí dísìkì máa sáré sókè sódò, ẹ ó sì máa rò pé dísìkì ló bàjẹ́.

Bẹ́líìtì tuntun: pẹlẹbẹ ni, kì í ṣe róbótó. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí tábìlì bí òrùka, àárín rẹ̀ máa tó nǹkan bí mílímítà 70, fífẹ̀ rẹ̀ 3, nínípọn rẹ̀ nǹkan bí 0.6. Àwọn tó ń tà á máa ń kọ Amstrad sí i. Bí ẹ kò bá dá a lójú, ẹ fi òwú ìránṣọ wọn ọ̀nà tó gbà, ẹ wá ra èyí tó kéré sí i díẹ̀ kó lè fà. Rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ní báńkì kò ṣe é lò o. Mo mọ ẹni tó dán an wò. Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì, ó já, ó sì fò lọ wé mọ́ hẹ́ẹ̀dì.

Ẹ má fi ìka fa bẹ́líìtì tuntun ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí ẹ bá ń fi í sí i, kí ọ̀rá ara ìka má sì kan inú rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti wọlé, ẹ fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ ńlá nígbà ogún. Bó bá ń rìn kúrò lójú ọ̀nà, ó lọ́ níbì kan.

5. Hẹ́ẹ̀dì

Díráífù ojú kan ni ti 8256. Hẹ́ẹ̀dì kan ló ní. Ní ìdojúkọ rẹ̀, aṣọ rírọ̀ kékeré kan ló ń tẹ dísìkì mọ́ ọn. Ẹ fi òwú ọlọ́tí nu hẹ́ẹ̀dì títí òwú fi jáde ní funfun. Ẹ má fa aṣọ yẹn, ẹ má sì rẹ ẹ́. Bó bá já, dísìkì ò ní kan hẹ́ẹ̀dì dáadáa mọ́. Irin tí hẹ́ẹ̀dì ń gbà lọ gbà bọ̀, ẹ nu gíríísì àtijọ́ kúrò lára rẹ̀, ẹ kán ẹyọ òróró fẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i. Ẹyọ kan.

6. Iná díráífù: ibi tí mo ti pàdánù

Láti ka dísìkì lórí kọ̀ǹpútà òde òní, Greaseweazle ni mo ń lò, pátákó kékeré tó ń gba USB, tó ń ka ohun tó wà lára dísìkì bó ṣe wà gan-an, ìyípadà mágínẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, láìbìkítà irú ẹ̀rọ tó kọ ọ́. Òun kò ní fún díráífù yìí ní iná tó pé. Díráífù nílò fóòtì 5 àti fóòtì 12, láti inú àpótí iná lọ́tọ̀.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Ihò wáyà iná lára díráífù íǹṣì 3 ti Amstrad jọ ti díráífù 3.5 tí gbogbo wa mọ̀, á wọlé wẹ́rẹ́, kò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ipò 5 àti 12 yí padà síra wọn. Èmi kò wọ̀n ọ́n. Mo ki wáyà àpótí iná kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́, mo tẹ bọ́tìnì, èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan dìde bí ti tùràrí, díráífù náà kú. Ọpẹ́lọpẹ́ pé díráífù àfidánwò tí mo rà ni, kì í ṣe ti olóògbé. Ẹ mú mítà. Kí ẹ tó yọ díráífù nínú PCW, ẹ wo ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan ti wá lórí pátákó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹ tó ki wáyà tuntun bọ̀ ọ́, ẹ wọn fóòtì orí rẹ̀ ní pin kọ̀ọ̀kan nígbà tí kò tíì kan díráífù. Bí kò bá bára mu, ẹ pààrọ̀ ipò wáyà náà.

Ní ti wáyà pẹlẹbẹ, àwọn díráífù kan ní pin 34, àwọn mìíràn 26. Ẹ kà á kí ẹ tó ra ohun tó máa so ó mọ́ Greaseweazle.

7. Eré rẹ̀

Dísìkì gbọ́dọ̀ yí nígbà 300 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìyípo kan ní ìdá-márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ fi dísìkì tí kò wúlò sí i, ẹ wá kọ àṣẹ Greaseweazle yìí sórí kọ̀ǹpútà òde òní:

gw rpm --drive=0

Tèmi kọ́kọ́ mú 291 wá. Ìdè kékeré kan wà tó ń yí eré mọ́tò padà. Ẹ fi sikurudiráífà wẹ́wẹ́ yí i bí irun orí, ẹ tún wọ̀n ọ́n, ẹ tún yí i. Bó bá ti dúró láàárín 299 sí 301, ẹ fi í sílẹ̀. Bí nọ́ḿbà bá ń fò, 296, 303, 298, ẹ má fọwọ́ kan ìdè yẹn rárá. Ẹ padà sí ìdí kẹ̀kẹ́ mọ́tò, ìdọ̀tí ṣì wà níbẹ̀.

8. Kíka dísìkì

Kò sí ìgbésẹ̀ tó gba sùúrù bí eléyìí. Mo fi gbogbo ọjọ́ Àìkú ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ wo dísìkì kọ̀ọ̀kan lójú. Ẹ fa irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ihò rẹ̀ lè ṣí, ẹ di í mú lábẹ́ iná, ẹ máa fi ìka yí àárín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dúdú tó ń dán la ń fẹ́. Bí ẹ bá rí funfun tó rí bí èébú tó hù lórí búrẹ́dì, èébú ni lóòótọ́, kò sì gbọ́dọ̀ wọ díráífù bẹ́ẹ̀: á há mọ́ hẹ́ẹ̀dì, hẹ́ẹ̀dì á sì fi í ha dísìkì náà àti gbogbo èyí tó bá tẹ̀lé e. Ẹ fi òwú ọlọ́tí nù ún láti ihò yẹn, ní ojú méjèèjì, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí kan.

Lẹ́yìn náà ẹ ti ilẹ̀kùn ìkọ̀wé: lára dísìkì kọ̀ọ̀kan, ihò kékeré kan wà fún ojú kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣí, ẹ̀rọ kò ní lè kọ nǹkan sí i. Ẹ ṣí méjèèjì.

Dísìkì tí kò wúlò ni kó kọ́kọ́ wọlé, kì í ṣe èyí tí ẹ fẹ́ràn jù. Bí òun bá jáde láìní ilà tuntun lójú, ẹ bẹ̀rẹ̀:

gw read --drive=0 --revs=3 --tracks=c=0-39:h=0 01A.scp

Ẹ yí dísìkì padà, ẹ pe èkejì ní 01B.scp. Orúkọ fáìlì àti nọ́ḿbà tí ẹ fi bírò kọ sí ara dísìkì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ sì ya fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Lórí ọ̀kan, olóògbé kọ "Ìwé Ilé 2", lórí òmíràn "Thesis ORÍ 4 MÁ PA". Ẹ tẹ́tí sí díráífù bó ṣe ń kà. Kíkùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké fín-ín, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ yọ dísìkì, ẹ nu hẹ́ẹ̀dì. Igbe yẹn ni ti dísìkì tó ń họ.

Ẹ pa fáìlì .scp mọ́ bó ṣe wà. Ẹ fi SamDisk tàbí sọ́fítíwíà HxC sọ ẹ̀dà rẹ̀ di .dsk, èyí tí àwọn ẹ̀rọ àfarawé mọ̀, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà àtijọ́ lórí ti òde òní. Bí ẹ̀ka kan bá kọ̀ láti ṣeé kà, ẹ tún dísìkì nù, ẹ tún un kà pẹ̀lú --revs=10, tàbí kí ẹ dán an wò nínú díráífù míràn. Nínú mẹ́rìnlá tèmi, mẹ́tàlá jáde mọ́ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ṣẹ́kù ní èébú. Ó gbà mí ní ìnù mẹ́ta, ẹ̀ka méjì péré ló sọnù níkẹyìn, ibi tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ sì ni.

9. Ẹ dá díráífù padà, kí ẹ tan ẹ̀rọ

Báyìí ni ẹ̀rọ tó wá kan. Kí ẹ tó so díráífù padà mọ́ ọn, ẹ tan PCW láìsí i, ẹ fi mítà wọn wáyà iná díráífù: kí 5 wà láàárín 4.75 sí 5.25, kí 12 sún mọ́ 12. Ọwọ́ kan ṣoṣo, ẹ rántí. Bó bá pé, ẹ pa á, ẹ yọ iná, ẹ tún bá dígí ṣe bí ìgbésẹ̀ kẹta, ẹ so díráífù mọ́ ọn, ẹ dé e.

Dísìkì ìbẹ̀rẹ̀ ni wàhálà tó kù. Bí ti olóògbé bá wà, ẹ má fi ojúlówó ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí, àwọn ẹ̀dà .dsk ti LocoScript àti CP/M Plus, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí díráífù tó kúrò lára Greaseweazle ni ẹ ó ti fi dísìkì òfìfo kan kọ ọ́:

gw write --drive=0 --tracks=c=0-39:h=0 CPM.dsk

Ẹ tan ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ á mọ́ tútù. Ẹ fi dísìkì sí i, ẹ tẹ bọ́tìnì gbọọrọ ìsàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù. Ilà á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti òkè wálẹ̀, bí ẹni ń tú ẹní. Bó bá pariwo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ yí dísìkì padà ná. Ìgbà tó pọ̀ ló jẹ́ pé ojú tí kò yẹ ni a fi sí i. Lẹ́yìn tí CP/M bá ti dé, ẹ kọ DISCKIT, òun ló ń ṣe ẹ̀dà dísìkì, kí ẹ ṣe méjì sí i.

Kíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, n kò ní sọ púpọ̀. Bọ́tìnì tó bá ya ọ̀lẹ, ẹ tú u, ẹ fi òwú ọlọ́tí nu abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń gba iná láti ara mọ́nítọ̀, nítorí náà ẹ má wá púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kiri.

10. Àwọn lẹ́tà

Fáìlì LocoScript kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Bí ẹ bá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà òde òní, ẹ ó rí ìràwọ̀ àti àmì òdì láàárín ọ̀rọ̀. Nínú LocoScript fúnra rẹ̀, ibì kan wà tó ń sọ fáìlì di ASCII, ọ̀rọ̀ lásán tí kọ̀ǹpútà gbogbo lè kà, ìyẹn ni kí ẹ lò. Bí ẹ kò bá fẹ́ dààmú ẹ̀rọ arúgbó, sọ́fítíwíà àfarawé tí wọ́n ń pè ní JOYCE máa ṣí àwọn .dsk yẹn lórí láptọ́ọ̀pù yín.

Ẹ má gbàgbé limbo. Bí èèyàn bá pa fáìlì rẹ́ nínú LocoScript, kì í kúrò lójú ẹsẹ̀. Inú àgbàlá kan tí wọ́n ń pè ní limbo ló ń lọ, á wà níbẹ̀ títí ẹ̀rọ fi nílò àyè rẹ̀. Ẹ ní kó fi àwọn fáìlì limbo hàn. Nínú "Ìwé Ilé 2", lẹ́tà mẹ́sàn-án ló wà lójú. Mọ́kànlá wà ní limbo.

Mo tẹ ọ̀kan jáde lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ gan-an, mo mú un lọ fún Big Mummy. Wọ́n wò ó síwá sẹ́yìn. "Kò sí àmì lára ẹ̀," ni wọ́n wí. "Bírò ni bàbá yín máa ń fi sí i kó tó lọ pósítì." Wọ́n ní kí n gbé bírò wá.

11. Kí ẹ tó dé e tán

Ẹ lè fi Gotek, àpótí kékeré tó ń ṣe bí díráífù, tó ní sọ́fítíwíà FlashFloppy nínú, rọ́pò díráífù lójoojúmọ́, kó máa ka .dsk láti orí fíláàṣì. Fóòtì 5 nìkan ló ń lò, nítorí náà ọ̀rọ̀ wáyà iná ìgbésẹ̀ kẹfà tún kàn yín níbí. Èmi ò fi sí ti Big Mummy. Wọ́n fẹ́ràn ariwo rẹ̀.

Ẹ máa yí díráífù fún ìṣẹ́jú márùn-ún lóṣooṣù kí bẹ́líìtì má bàa dúró sójú kan. Ẹ ra bẹ́líìtì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi méjì sínú àpò ọ̀rá, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ike ẹ̀yìn ẹ̀rọ, níbi tó jìnnà sí ohun gbígbóná. Ẹ fi bébà kan tì í. Tèmi kà báyìí: "Bẹ́líìtì tuntun. Eré 300. Wáyà iná díráífù: 5 àti 12 YÍ PADÀ, wọ̀n ọ́n kí o tó ki nǹkan bọ̀ ọ́. Dígí: fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Dísìkì 14, gbogbo rẹ̀ ti jẹ́ kíkà, ẹ̀dà wà lọ́wọ́ Big Mummy àti lọ́wọ́ mi."